Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì í Pè

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Ọ̀kìtóbà 1997

Òjò tún rọ̀ láti ìdájí. Obì tuntun ti ń wọlé láti oko, Adúmáadán àti àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ti jókòó yí agbada omi ká ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń bó awọ funfun kúrò lára gbànja. Láti ojú fèrèsé mi ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, síbẹ̀ òun ló ń pàṣẹ, òun náà ló ń fi gbogbo wọn ṣẹ̀fẹ̀. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọ, kò sí eré níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tèmi nìkan ni ìwé yìí, n ò lè máa kúnlẹ̀ nínú ìwé ara mi.

Fáàsì Morónkẹ́, ìyàwó àbúrò ọkọ mi, dé sí ilé ìpè tó wà ní Sábó. Lọ́yà rẹ̀ ní Tòróńtò ló kọ ọ́, ó gùn ju ìwàásù lọ. Àwọn méjì tó ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kò tíì lè sọ bóyá kó máa gbé Kánádà tàbí kí wọ́n dá òun àti Àyànfẹ́ ọmọ rẹ̀ padà sílé. Wọ́n gbà pé wọ́n máa ń dábẹ́ fún ọmọbìnrin nílẹ̀ wa. Ohun tí wọn ò tíì gbà ni pé ẹnìkan wà tó fẹ́ ṣe é fún Àyànfẹ́. Wọ́n ní kí Morónkẹ́ dárúkọ ẹni tó ń bà á lẹ́rù. Ó ní Ìbàdíàrán ni. Wọ́n wá mú lẹ́tà tí èmi fúnra mi kọ lóṣù Ògọ́ọ̀sì láti fi gbè é lẹ́yìn, wọ́n rí i pé Adúmáadán ni mo kọ síbẹ̀. Wọ́n wo ìwé ètò ìsìnkú Lásúnkànmí ọkọ rẹ̀, níbi tí a to orúkọ gbogbo ẹbí Fábíyìí sí. Wọn ò rí Ìbàdíàrán, wọn ò rí Adúmáadán. Wọ́n ní ta ni nínú àwọn méjèèjì, àbí kò sí èyíkéyìí nínú wọn láyé?

Ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n. Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé níbẹ̀ yẹn tó ń bó obì.

Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́? Àwọn ará Tòróńtò ni. Wọ́n fún wa di ọjọ́ kejìlá oṣù Dìsẹ́ńbà láti mú ẹ̀rí wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ wọn dájọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14 Ọ̀kìtóbà

Mo tún fáàsì náà kà. Lákọ̀ọ́kọ́ mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì, omi lé ròrò sójú mi. Èmi tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé, n ò ronú pé orúkọ tí mo ń pe èèyàn nílé kọ́ ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí ìjọba.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Ọ̀kìtóbà

N ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Orúnkún ni. Mo dùbúlẹ̀, mo ń rántí ọdún 1957.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọ ilé Fábíyìí ní Màkún yìí, wọ́n fi omi ṣan ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó ń da omi náà ni ẹ̀gbọ́n Olúdọ̀tun ọkọ mi. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì ń rẹ́rìn-ín mi nítorí pé ara mi ń gbọ̀n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyálé ilé pè mí, ó ní kí n wo àwọn ọmọ ilé dáadáa kí n sọ ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn lórúkọ tèmi, nítorí pé láti ọjọ́ náà lọ, orúkọ tí wọ́n ti ń jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di èèwọ̀ lẹ́nu mi. Mo pe èyí tó ga jù ní Òpó Ilé. Lásúnkànmí, àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún méjì ni nígbà náà, imú rẹ̀ ń ṣàn. Mo pè é ní Ọkọ Kékeré, mo sì gbé e pọ̀n. Nígbà tó kan ẹni tó ṣan ẹsẹ̀ mi, n ò ronú rárá, Adúmáadán ló jáde. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó yí mi ká, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá tún pe òun ní nǹkan mìíràn nínú àwọn ìyàwó, òun ò ní dáhùn.

Nígbà ìkórè obì ọdún náà, òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ojú obì kí wọ́n tó mọ èyí tí kòkòrò ti wọ̀. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń to ewé sínú agbọ̀n kí obì lè dé Kánò ní tútù. Àwọn Gàm̀bàrí á ti dúró ní Sábó pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù wọn, wọ́n á máa bá a ná ọjà, òun náà á máa fi Gàm̀bàrí tí kò dán mọ́rán dá wọn lóhùn, gbogbo wa á fi ẹ̀rín pa ara wa. Bí kò bá sí nǹkan tí mo ní lọ́wọ́ nílé ẹ̀kọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo wà. Olúdọ̀tun máa ń ní òun ò mọ ẹni tí mo fẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Títí dòní, bí mo bá gbọ́ òórùn ewé obì tútù, mo ti padà di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún nìyẹn.

Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ni Ọkọ Kékeré mú Morónkẹ́ wálé láti Ìpẹ̀rú. Adúmáadán ti sanra nígbà yẹn, àrán ló ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Morónkẹ́ wò ó láti òkè délẹ̀, ó pè é ní Ìbàdíàrán. Èmi ni ìyálé tó jókòó tì í lọ́jọ́ náà. Mo ní orúkọ náà bá a mu. Ó bá a mu lóòótọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 28 Ọ̀kìtóbà

Mo bá Morónkẹ́ sọ̀rọ̀ lónìí ní ilé ìpè. Ìlà já lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òtútù ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó ní Àyànfẹ́ ti ń fi imú sọ̀rọ̀ bí àwọn òyìnbó. Mo ní kó gbé e sún mọ́ tẹlifóònù. Ọmọ náà kí mi, "Ẹ káàárọ̀, mà," nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n níbí. Inú mi dùn bí ẹni pé ó gba ipò kìíní.

Ó wá sọ bí wọ́n ṣe bi í léèrè. Wọ́n bi í pé kí ló dé tí kò lọ bá ọlọ́pàá. Ó ní òun lọ. Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ gbé ìbọn dání ni, ó ní ọ̀rọ̀ ẹbí nìyẹn, kó lọ bá àwọn àgbà. Wọ́n bi í bóyá kò lè lọ máa gbé ìlú mìíràn ní Nàìjíríà, bíi Kàdúná tàbí Jọ́ọ̀sì. Mo kọ háà. Ṣé ẹni tó béèrè yẹn mọ bí obì ṣe ń rìn? Ibi tí obì Ṣàgámù bá dé, Adúmáadán ní oníbàárà níbẹ̀. Jọ́ọ̀sì náà ni Morónkẹ́ kọ́kọ́ sá lọ ní 1995. Oníṣòwò obì kan ló rí i lọ́jà, ó fi í ṣe ìròyìn ayọ̀ délé fún wa, àfi bí Olóyè, olórí ẹbí wa, ṣe rán ọkùnrin méjì lọ gbé ọmọ. Ọlọ́run ló ní kí ọmọ náà máà sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n dé.

Lọ́yà tún ní ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba pé kì í ṣe ìjà ẹbí lásán, pé nítorí pé ọmọ náà jẹ́ obìnrin, obìnrin ilé Fábíyìí, ni wọ́n ṣe ń lé e. Mo ní, ká ní ọkùnrin ni Àyànfẹ́, ta ni ì bá wá a dé Jọ́ọ̀sì?

Mo bi í pé nígbà tí wọ́n ní kó dárúkọ, kí ló dé tí kò pe orúkọ náà gan-an.

"Ìyá Ephraim, mo ṣí ẹnu, kò jáde. Ó ń ṣe mí bí ẹni pé Ìbàdíàrán fúnra wọn jókòó síwájú mi."

Ohun tí lọ́yà ń fẹ́ ni kí ẹnìkan tó ń gbé inú ilé yìí lọ búra ní kóòtù, kó sọ ẹni tó ń jẹ́ orúkọ méjèèjì, kó sì dárúkọ rẹ̀ bó ti wà nínú ìwé. Mo ka àwọn ìyàwó ilé tó kù. Èyí tó dàgbà jù mí lọ kò ríran mọ́. Àwọn kékeré ń bẹ̀rù Olóyè. Èmi ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Nòfẹ́ńbà

Ephraim ọmọ mi wá láti Ìkẹ́nnẹ́ lẹ́yìn ìsìn. Bẹntiróòlù ò sí níbì kankan, ọ̀kadà ló gùn wá, eruku sọ irun rẹ̀ di ewú bíi tèmi. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún un. Ó ní kí n kọ́kọ́ kó ẹrù mi wá sọ́dọ̀ òun, kí n tó lọ búra ohunkóhun, nítorí pé Olóyè ò ní jẹ́ kí n sun inú ilé náà mọ́jú.

Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúdọ̀tun ló kọ́ yàrá yìí fún mi, ojú oórì rẹ̀ sì wà lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n fi àyè tèmi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi jáde, ta ni yóò gbé òkú mi wọlé? Mo sọ fún Ephraim pé n ò kúrò. Ó ní alágídí ni mí. Mo ní kó jẹun kó tó máa lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Nòfẹ́ńbà

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí. Adúmáadán ru agbọ̀n obì, ó jó láti ẹnu ọ̀nà dé ibi pẹpẹ, gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo rí ìyá kan tó pọn ọmọ tuntun, ni Inúolúwa bá sọ sí mi lọ́kàn.

Àkọ́bí Morónkẹ́ ni, ọmọbìnrin, ọdún 1989. Ọmọ ọjọ́ mẹ́sàn-án ni nígbà tí olóólà wá. Mo wà nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tí mo fi dé, wọ́n ti ń sáré gbé e lọ sí ọsibítù, aṣọ tí wọ́n fi wé e ti rin gbingbin fún ẹ̀jẹ̀. Kò padà wálé. Nínú ilé yìí, àmódi ni wọ́n ní ó pa á. A ò tún sọ ọ́ mọ́. Ọmọ yẹn ní ihò lẹ́rẹ̀kẹ́ kan, kò ní i ní èkejì. Ó dùn mí pé bóyá èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣì rántí.

Nígbà tí wọ́n bí Àyànfẹ́, Morónkẹ́ ti gbọ́n, Ìpẹ̀rú lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ló bí i sí. Ọkọ Kékeré dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní ẹnikẹ́ni tó bá mú abẹ wọlé yóò kọjá lára òun. Ọmọ tí mo pọ̀n! Mo fẹ́ràn rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ju gbogbo ọjọ́ lọ. Ó kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní 1994. Kí ọdún tó yí po, Olóyè ti ní ohun tí wọn ò ṣe fún ọmọ náà ló pa á, àti pé kí ilé tó tún ṣófo, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe é. Adúmáadán ní bẹ́ẹ̀ ni. Lójú Morónkẹ́ ló ti sọ ọ́, lójú tèmi náà.

Bí wọ́n bá dá wọn padà, kò sí Ọkọ Kékeré lẹ́nu ọ̀nà mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 13 Nòfẹ́ńbà

Kẹrosíìnì di àwátì. Igi ni mo fi dáná, ojú mi pọ́n kanrin. Gàrí tún ti gbówó lórí, kóńgò kan ti di ogójì náírà, àwọn tó ń tà á ń fojú pa wá rẹ́. Lọ́yà tún fi fáàsì ránṣẹ́ pé kí ni mò ń dúró dè.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Nòfẹ́ńbà

Mo dúró níwájú dígí, mo ní kí n dán orúkọ náà wò. Mo la ẹnu, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń bojú wẹ̀yìn. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Ọjọ́bọ̀, 20 Nòfẹ́ńbà

N kì í gba ẹ̀yìn lọ bá ẹni tí mo fẹ́ràn. Mo lọ bá a níbi tó ti ń to obì sínú ewé, mo kúnlẹ̀.

"Adúmáadán mi, mo fẹ́ lọ búra ní kóòtù lórí ọ̀rọ̀ Morónkẹ́. Màá dárúkọ yín níbẹ̀. N ò fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

"Orúkọ wo?"

"Èyí tí bàbá yín sọ yín."

Ó gbé obì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n ò fi ohunkóhun pamọ́. Mo ní nítorí pé orúkọ ò bára mu, àwọn adájọ́ náà rò pé kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Morónkẹ́ ló jókòó tó hùmọ̀ rẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá rò bẹ́ẹ̀, wọn ó dá wọn padà. Ó tẹjú mọ́ mi. Mo retí pé yóò bú mi, ó sì lè bú èèyàn.

"Dìde," ó ní. "Orúnkún ń dùn ọ́."

Ó padà sídìí obì rẹ̀. Rẹ́mọ pọ́ńbélé ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́ nílé ìwé.

Ọjọ́ Ajé, 24 Nòfẹ́ńbà

Olóyè ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun gbọ́ pé mo fẹ́ lọ ta ilé Fábíyìí fún òyìnbó. Ó ní obìnrin tó bá gbé orúkọ ilé lọ sí kóòtù, kó kúkú gbé ẹrù rẹ̀ tẹ̀lé e. Mo ní mo ti gbọ́. N ò mọ ẹni tó sọ fún un. N ò fẹ́ gbà pé Adúmáadán ni.

Kò kí mi láti Ọjọ́bọ̀. Bí mo bá gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, yóò máa bá obì rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé yìí, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí láàárín wa, kódà nígbà tí Olúdọ̀tun kú tí orí gbogbo wa dàrú. Ohùn rẹ̀ ń wọ yàrá mi láràárọ̀, ó ń bá gbogbo èèyàn sọ̀rọ̀ àfi èmi. Inú mi bàjẹ́ ju bí mo ti rò lọ.

Síbẹ̀ ní Ọjọ́rú, màá lọ.

Ọjọ́rú, 26 Nòfẹ́ńbà

Mo dé kóòtù, Adúmáadán ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ró ìró àrán, ó wé gèlè, bí ẹni tó ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé kí n jókòó.

"Àwọn tó sọ pé mi ò sí láyé," ó ní, "mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí."

Akọ̀wé kóòtù ni Afọláyan, tí mo kọ́ ní kíláàsì kẹta. Ó dọ̀bálẹ̀ fún wa kó tó rántí pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ búra. Mo sọ bí ìyàwó ṣe ń sọ ọmọ ilé lórúkọ, àti pé ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀ tó ń pè wọ́n. Mo ní ẹni tó ń jẹ́ Adúmáadán lẹ́nu mi náà ló ń jẹ́ Ìbàdíàrán lẹ́nu Morónkẹ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ Jọ́ọ̀sì. Afọláyan ní, orúkọ wọn gan-an ńkọ́, mà? Apá èmi àti Adúmáadán ń kan ara wọn lórí bẹ́ǹṣì náà. Mo wo ilẹ̀, mo ní, "Rèbékà Efúnyẹmí Fábíyìí." Ó dà bíi pé mo ṣí aṣọ lára ẹnìkan lójú ọjà. Adúmáadán mí kanlẹ̀. Mo pe orúkọ Olóyè tẹ̀lé e. Ìyẹn rọrùn.

Nígbà tí mo fọwọ́ síwèé tán, Adúmáadán ní òun náà fẹ́ búra. Afọláyan wojú mi. Mo yíjú sí Adúmáadán, mo ní, ṣé ẹ mọ ohun tí àwọn ará Tòróńtò ó fi ìwé yìí ṣe, pé wọn ó fi sọ pé kí ọmọ náà má padà wá mọ́? Ó ní kí akọ̀wé fi bébà sẹ́nu ẹ̀rọ.

Ó fi ìgbéraga bẹ̀rẹ̀, bí mo ti mọ̀ ọ́n. Ó ní òun ni Rèbékà Efúnyẹmí, ọmọ Fábíyìí ní Màkún, oníṣòwò obì, kò sẹ́ni tí kò mọ òun ní Sábó. Ó ní òun lòun sọ ọ́ pé a ó dábẹ́ fún Àyànfẹ́, nítorí pé kò sí ọmọbìnrin ilé wa tí a kò ṣe é fún, wọ́n ṣe é fún òun náà. Afọláyan ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Kọ eléyìí náà. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ Inúolúwa mú. Ẹ̀jẹ̀ náà ò dá. A ní àmódi ni. Kì í ṣe àmódi."

Afọláyan dáwọ́ dúró. Adúmáadán ní kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Bí Àyànfẹ́ bá wálé, Olóyè á ránṣẹ́ pe olóólà. Wọ́n á ní kí n wá dì í mú. N ò mọ̀ bóyá màá lè sọ pé rárá."

Ó ní kí wọ́n kà á sí òun létí láti òkè délẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó na àtàǹpàkò, ó tẹ̀ ẹ́.

A wọ tasí kan náà padà sí Màkún. Nígbà tí a dé, ó ní kí n fa òun sọ̀ kalẹ̀, kò sì tètè jọ̀wọ́ ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Ajé, 1 Dìsẹ́ńbà

Ephraim gbé ìwé méjèèjì lọ sí Èkó fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfúrufú kó lẹ́tà, a sì ti fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ nípa fáàsì. Ọyẹ́ dé lánàá. Ètè mi ti là.

Olóyè ò tíì lé mi. Bí yóò bá lé ẹni tó lọ sí kóòtù, yóò lé ọmọ bíbí inú ilé mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun. Kò dáhùn ìkíni mi láàárọ̀ yìí, mo sì tún un kí.

Ọjọ́bọ̀, 25 Dìsẹ́ńbà

Adúmáadán gbé àwo ìrẹsì wá fúnra rẹ̀. Ó jókòó sórí ibùsùn mi bí ìgbà àtijọ́, a sọ ti àwọn awakọ̀ Kánò ayé ọjọ́un, èyí tó ní ìyàwó méje tí kò sì rí ẹni fọ aṣọ rẹ̀. A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Kánádà.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 Jánúárì 1998

Wọ́n ti gbà wọ́n!

Mo ka fáàsì náà lórí ìdúró ní ilé ìpè. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Morónkẹ́ ti dá àwọn lójú, àti pé ìbúra àwọn obìnrin méjì láti ilé kan náà ti tú ohun tó dì nípa orúkọ. Wọ́n ní ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe àròsọ, ó wà nítorí pé obìnrin ni ọmọ náà, ọlọ́pàá ò gbà á, kò sì sí ìlú tó lè sá sí nílẹ̀ wa tí wọn ò ní rí i. Mo pè é. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Ó ní kí n sọ fún òun ohun tí Ìbàdíàrán sọ ní kóòtù, bóyá òótọ́ ni ohun tí lọ́yà kà fún òun nípa Inúolúwa. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní, "Wọ́n sọ ọ́ jáde?" Lẹ́yìn náà n ò gbọ́ nǹkan mìíràn ju ẹkún lọ.

Mo fi ẹsẹ̀ rìn bọ̀ wálé láti Sábó. Ìbídó, Màkún, gbogbo ibi tí mo ti ń fi ọwọ́ mú Ọkọ Kékeré kọjá lọ sílé ìwé. Ọmọ rẹ̀ ò ní mọ ọ̀nà yìí. Mo ń dúpẹ́, àárò sì ń sọ mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Jánúárì

Obì ti tán ní ẹ̀yìnkùlé, ewé gbígbẹ ló kù. Mo bá Adúmáadán níbi tó ti ń gbá a jọ. Mo sọ fún un pé wọ́n ti gbà wọ́n. Ó béèrè bóyá àwọn méjèèjì ni, mo ní àwọn méjèèjì. Ó béèrè bí ọmọ náà ṣe ga tó. Mo na ọwọ́, mo fi hàn án bí Morónkẹ́ ti wí. Ó wo àyè tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi fún ìgbà pípẹ́, n ò sì lè gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Ìyàwó mi," ó ní, "màá rán ọ ní iṣẹ́ kan sí Morónkẹ́. Bí mo bá kú, kó má wálé wá sin mí."

Mo ní kí ni ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ ikú sí lójú ìròyìn ayọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí òun parí rẹ̀.

"Òkú mi ni wọn ó fi pè é. Olóyè á ní ọmọ Lásúnkànmí gbọ́dọ̀ wá bu yẹ̀pẹ̀ sí i, ojú á sì ti ìyá ẹ̀, á wá. Sọ fún un pé èmi ni mo ní kó má wá. Kó jókòó sínú òtútù rẹ̀ lọ́hùn-ún pẹ̀lú ọmọ ẹ̀."

Àkọ́bí tirẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn méjì tó kù ò bímọ obìnrin. Àyànfẹ́ nìkan ni ọmọbìnrin ilé yìí tí ìbá ru àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ jù mí lọ. Mo ṣèlérí fún un pé màá jíṣẹ́ náà, mo sì sunkún lójú rẹ̀, èmi obìnrin ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ó na ìgbálẹ̀ kejì sí mi, ó ní kí n nu ojú mi, ilẹ̀ ṣì pọ̀ tí a fẹ́ gbá.